Owó, Òwò àti Apótí Asọ̀rọ̀mágbèsì

Mo bẹ̀ yín, ẹ fà sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni mo mú wá lónìí, ẹ sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ owó bá délẹ̀, oorun kì í kun ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí rédíò tí wọ́n ń fi wáyà fà wọ ilé kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, ní Èkó ní 1935, àti ní Ìbàdàn ní 1939, àwọn bàbá wa wo apótí náà títí, wọ́n sì sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. O lè yìn ín, o lè bú u, o lè bi í ní ìbéèrè; tirẹ̀ ni yóò máa sọ lọ. Olóògbé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá tọ́ ọ wò ní 1953. Gómìnà Macpherson sọ̀rọ̀ lórí rédíò ìjọba, ó dá ẹgbẹ́ Action Group lẹ́bi. Olóyè ní kí wọ́n fún òun náà láàyè kí òun fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò gbà. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pinnu pé àwọn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tiwọn, títí tó fi di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn.

Kí ni mo fẹ́ fà yọ níbẹ̀? Bí irú ènìyàn ńlá bẹ́ẹ̀ kò bá rí àyè fèsì àfi ìgbà tí wọ́n ní ẹ̀rọ tiwọn, báwo ni èmi àti ẹ̀yin tí a jókòó sí pálọ̀ wa ní alẹ́ Sátidé yóò ṣe fèsì? Ìdáhùn mi nìyí: kí a máa bi ara wa ní ìbéèrè tí apótí náà kò ní dáhùn, kí a sì máa fi pẹ́ńsùlù wá ìdáhùn rẹ̀. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ilé wa ṣe àlàyé rẹ̀.

Ojú Ore ni mò ń gbé, ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa yóò jẹ́rìí pé ibẹ̀ kì í sùn. Òpópónà tó ti Sàngó lọ sí Ìdí-Ìrókò, lẹ́nu ààlà ilẹ̀ Benin, gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Iléeṣẹ́ pọ̀ yí wa ká. Bí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ti ń wọlé ni àwọn tọ̀sán ń jáde. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́, ó ń ta nǹkan fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: oúnjẹ, omi tútù, bàtà, aṣọ òkìrìkà, ẹ̀yà ara ọkọ̀. Nítorí náà, bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, tí iná wà, tàbí tí ẹnìkan rí epo rọ sí jẹnẹrétọ̀, kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni àwọn ará ilé wa ń wá lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń wá ètò tí ń kọ́ ni bí a ṣe ń fi owó kékeré bẹ̀rẹ̀ òwò, àti bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná.

Kí n má purọ́, ètò wọ̀nyí dùn. Ẹnìkan yóò gbé ọṣẹ tó ṣe tàbí ẹ̀pà tó dì sínú ọ̀rá jáde, yóò dúró níwájú àwọn olówó, yóò ní kí wọ́n wá fi owó sí òwò òun. Àwọn olówó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: èló lo fi ṣe é, èló lò ń tà á, ta ni ń rà á? Lójú ẹsẹ̀, gbogbo pálọ̀ wa yóò di adájọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò ní, "Ní tèmi o, mi ò ní fún un ní kọ́bọ̀." Bàbá àgbà tó ti ń tòògbé yóò lajú, yóò ní, "Ẹ fún un, ojú rẹ̀ fi òtítọ́ hàn." Ìjà yóò dé, ẹ̀rín yóò sì tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú ètò yìí ní 2001. BBC gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2005, wọ́n pè é ní Dragons' Den, èyí ni ihò dírágónì. Àwọn ará Amẹ́ríkà pe tiwọn ní Shark Tank ní 2009, orúkọ ẹja ńlá tí ń jẹ ènìyàn. Orúkọ wọn nìkan tó kí ènìyàn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe eré ọmọdé.

Àwa náà ti ṣe èyí tó jọ ọ́ rí. Ní 2008, Biodun Shobanjo, àgbà nínú iṣẹ́ ìpolówó ọjà, darí The Apprentice Africa, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà bíi mélòó kan ti díje. Isaac Dankyi-Koranteng, ọmọ Ghana, ló gbégbá orókè. Bank PHB ló ṣe onígbọ̀wọ́ ètò náà, gbogbo rẹ̀ sì ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ báńkì náà, wọ́n sì kó àwọn oníbàárà rẹ̀ fún báńkì mìíràn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Èmi kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé iná tí wọ́n tàn sórí pèpéle kò lè fi bí ògiri ilé ṣe nípọn tó hàn wá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ilé wa. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí ń se ìrẹsì àti ẹ̀wà tà fún àwọn òṣìṣẹ́. Mo ń pè é ní Màmá, nítorí ó jù mí lọ dáadáa; òun náà a sì máa pè mí ní Tíṣà. Ní alẹ́ Sátidé kan, obìnrin tí ń darí ètò ní kí gbogbo oníṣòwò mú ìwé kan, kí wọ́n kọ ohun gbogbo tó wọlé àti ohun gbogbo tó jáde sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yìí ń sọ? Èmi tí mo ti ń se oúnjẹ tà kí wọ́n tó bí i, òun ni yóò wá kọ́ mi ní òwò?"

Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wà ní ìwé kẹta girama, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó wá ìwé kan, ó fi okùn so pẹ́ńsùlù mọ́ ọn, ó sì gbé e kọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Ní gbogbo alẹ́ ni ó ń bi ìyá rẹ̀: èló lẹ tà, èló lẹ fi ra ata, èló lẹ fún ọlọ́kọ̀? Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ó jókòó, ó ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ mú pẹ́ńsùlù yín, kí a jọ ṣe é.

Ní ọjọ́ kan, bí a bá pín in dọ́gba, Màmá ń tà ₦45,000. Ìrẹsì, ẹ̀wà, epo, ata àti ẹran jẹ́ ₦34,000. Gáàsì jẹ́ ₦3,000. Ọmọ tí ń bá a fọ abọ́ ń gba ₦2,500. Owó ọkọ̀ jẹ́ ₦1,500. Bí a bá pín owó ṣọ́ọ̀bù sí ojoojúmọ́, ó jẹ́ ₦1,000. Ẹ rò ó pọ̀: ₦42,000. Èrè tó kù jẹ́ ₦3,000. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èló ni Màmá ń mú lọ sílé lójoojúmọ́ fún ọbẹ̀ alẹ́, fún owó ọkọ̀ àwọn ọmọ, fún ìnáwó ẹgbẹ́? ₦5,000 ni. Nítorí náà, ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí oòrùn bá yọ tó sì wọ̀, ₦2,000 ń jáde láti inú ojú owó. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ₦48,000.

Màmá dákẹ́ lọ gbáà. Nígbà tó yá, ó ní, "Abájọ! Mo ti ń rò pé ẹnìkan ń jí mi lówó. Àṣé èmi gan-an ni olè náà."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀kọ́ tó dára jù lọ tí tẹlifíṣọ̀n lè kọ́ oníṣòwò kékeré wà nínú ìṣirò yẹn. Kò ná wa ní nǹkan kan ju ìwé àti pẹ́ńsùlù lọ. Owó ilé lọ́tọ̀, owó òwò lọ́tọ̀. Ẹni tó ni òwò gbọ́dọ̀ gba owó iṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù: kí ó mọ iye rẹ̀, kí ó má sì kọjá rẹ̀. Màmá fi ọwọ́ mú ìnáwó. Ó ní ₦2,500 ni òun yóò máa mú lọ sílé, kí ₦500 máa wà nínú òwò. Kò rọrùn. Ọbẹ̀ ilé wọn ṣàn díẹ̀ ní oṣù yẹn, a sì mọ̀.

Ṣùgbọ́n ihò tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò tíì dí, ibẹ̀ sì ni ewu gbà wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, a ń wo irú ètò kan náà. Nígbà tí wọ́n dúró kí ìpolówó kọjá, ọkùnrin kan jáde, ó wọ kóòtù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a mú owó wá, pé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ yóò di ìlọ́po méjì. Màmá ní ₦180,000 nípamọ́, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ yìí ni. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bó bá ti di ₦360,000, màá san owó ilé-ẹ̀kọ́, màá fi ìyókù dí ihò yẹn, màá sì jáde. Ṣebí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń sọ ọ́? Bó bá jẹ́ irọ́ ni, wọn ò ní gbà wọ́n láàyè."

Ẹnu mi wúwo. Mo ní ìdí rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ti kó owó tí mo fẹ́ fi kan òrùlé ìyá mi fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní, wọ́n san èrè. Ní oṣù kejì, wọ́n san. Inú mi dùn, mo fi kún un. Nígbà tí mo lọ ní oṣù kẹta, àgádágodo ni mo bá lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn. Òjò ọdún náà bá ìyá mi lábẹ́ páànù tó ń jò, n kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ fún un. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ilé wa rí, nítorí mo jẹ́ tíṣà, ojú sì ń tì mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn ni mo sọ ọ́, lójú Màmá àti lójú àwọn ọmọ.

Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọmọ náà mú pẹ́ńsùlù rẹ̀. Ó fi ₦180,000 sílẹ̀, ó sọ ọ́ di méjì fún oṣù kìíní, ó sọ ìyẹn náà di méjì fún oṣù kejì, ó ń bá a lọ títí dé oṣù kejìlá. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é wò. Ó lé ní ₦737 million. Ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "Màmá mi, bí ọkùnrin yẹn bá mọ ọ̀nà tí ₦180,000 fi ń di iye yìí ní ọdún kan, kí ló fẹ́ fi owó wa ṣe? Kí ni kò jẹ́ kó lo tirẹ̀?"

Ìbéèrè yẹn, apótí náà kò dáhùn rẹ̀. Màmá pa tẹlifíṣọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé owó náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó sì gba rìsíìtì.

Ẹ má rò pé àwa ará Ojú Ore nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà, tàbí pé nǹkan tuntun ni. Ní 1920, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Charles Ponzi ṣèlérí fún àwọn ènìyàn pé ní ọjọ́ 45, òun yóò fi ìdajì owó wọn kún un. Kò sí òwò gidi kan tí ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá. Owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ó fi ń san ti ẹni tó ti wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn tuntun kò tó mọ́, ó wó. MMM tí Sergei Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀ dé Nàìjíríà ní 2015 pẹ̀lú ìlérí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ní oṣù kejìlá 2016, nígbà tí àwọn ènìyàn ń múra ọdún Kérésìmesì, wọ́n ti owó pa. Ní oṣù kẹrin 2025, CBEX tó ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ náà wó. Ní ọdún 2025 kan náà ni òfin tuntun lórí ìdókòwò jáde ní Nàìjíríà, tó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn: ìtanràn tí kò kéré sí ₦20 million, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, tàbí méjèèjì pọ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí olè bá ti lọ ni ó sábà máa ń dé. Pẹ́ńsùlù ni ó lè ṣáájú olè.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbádùn ètò owó ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta sẹ́nu.

Èkíní: ta ló sanwó fún ọ̀rọ̀ yìí? Olùkọ́ni lọ́tọ̀, olùpolówó lọ́tọ̀. Ẹni tí ń kọ́ ọ kò ní kí o sanwó kí ètò tó parí. Ẹni tí ń polówó yóò ní kí o tètè, pé àyè fẹ́ tán.

Èkejì: níbo ni èrè ti ń wá? Bí Màmá bá jèrè, a mọ̀ pé ìrẹsì ni ó tà, a rí ẹni tó jẹ ẹ́. Bí ẹnìkan bá ṣèlérí èrè fún ọ, ní kí ó fi ìrẹsì tirẹ̀ hàn ọ́. Bí kò bá rí nǹkan fi hàn, owó rẹ ni ìrẹsì náà.

Ẹ̀kẹta: bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò san án? Bí báńkì tó ní ìwé àṣẹ bá kógbá sílé, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń jẹ́ NDIC ń dá owó padà fún àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀. Láti 2024, iye tó ń dáàbò bò fún ẹnìkan ní báńkì ńlá kan ti kúrò ní ₦500,000, ó ti di ₦5 million. Ní báńkì kékeré tí a mọ̀ sí microfinance, ó ti kúrò ní ₦200,000, ó ti di ₦2 million. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó owó fún ọlọ́rọ̀ dídùn tí kò ní ìwé àṣẹ, àgádágodo nìkan ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn bàbá wa mọ gbogbo èyí kí tẹlifíṣọ̀n tó dé. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa èésú sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Èésú kì í ṣèlérí ìlọ́po méjì fún ẹnikẹ́ni. Iye tí o bá dá ni o ó kó. Ẹ mọ ara yín, ẹ mọ ilé ara yín, ojú sì ń ti ẹni tí kò bá san tirẹ̀. Bákan náà ni àjọ. Gbogbo wa la ń fi orí pípé Alájọ Ṣómólù pa òwe, Alphaeus Taiwo Olunaike, ọmọ Ìjẹ̀bú tó kú ní 2012. Wọ́n ní ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi gba àjọ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kò sì ṣi owó ẹnìkan san. Orí rẹ̀ pé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí tèmi àti tiyín kò pé tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ yín kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Ó lè jẹ́ òun ni yóò gba owó ilé-ẹ̀kọ́ yín là. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi àwọn òbí yín ní ìbéèrè. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ní, "Kí ni ọmọdé mọ̀?" Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Bí ojú bá sì ti tì yín rí nítorí owó bí ó ti tì mí, ẹ sọ ọ́ fún ará ilé yín. Ìtìjú tí a fi pamọ́ kò dá owó padà, ṣùgbọ́n èyí tí a sọ lè dá owó ẹlòmíràn dúró.

Màmá ṣì ń se ìrẹsì ní Ojú Ore. Ìwé náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, epo ti ta sí i lára, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ ọ́ nísinsìnyí. Bí Sátidé bá dé, a ó tún jókòó, a ó tún ṣe adájọ́, a ó tún jà, a ó tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù yóò wà lórí tábìlì.

Rédíò náà, asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Ẹ bi èmi náà ní ìbéèrè nínú ilé yín. Kí Ọlọ́run bùkún òwò wa, kí ó má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa jẹ ojú owó wa. Ó dàárọ̀ o.